Ojú àti àrùn Parkinson: àwọn ìbéèrè tí wọ́n ń bi wá léraléra ní Abẹ́òkúta

Ṣé àrùn Parkinson ń dé ojú ni? Mo rò pé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ nìkan ló ń dà láàmú.

Ó ń dé ojú dáadáa. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà nínú ọpọlọ tó ń ṣe dopamine, ohun tó ń jẹ́ kí ara gbéra nígbà tí a bá fẹ́, kí ó sì gbéra tó bó ṣe yẹ. Bí àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí bá ti ń kú, ìṣísẹ̀ á kúrú, ọwọ́ ìkọ̀wé á kéré, ohùn á lọ sílẹ̀. Iṣan mẹ́fà ló ń yí ẹyinjú kọ̀ọ̀kan, àṣẹ tí ọpọlọ ń fún àwọn náà á sì dín kù bákan náà.

Awọ tó ń gba ìmọ́lẹ̀ lẹ́yìn ẹyinjú náà ń lo dopamine. Nítorí èyí ni àwọ̀ tó sún mọ́ra fi ń rú àwọn aláìsàn kan lójú, tí ohun tí kò hàn ketekete sì máa ń ṣòroó rí fún wọn. Ẹni tó ti ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú láti ọjọ́ pípẹ́ lè máa ṣi aró tó ki mú fún dúdú. Kò túmọ̀ sí pé ojú rẹ̀ ti ń fọ́.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba awò tuntun, mò ń rí lẹ́tà kékeré ní ọ́fíìsì oníwòsàn ojú, àmọ́ mi ò lè ka ojú ìwé kan tán nílé. Ṣé awò yẹn ni kò dára?

Ó ṣeé ṣe kí awò dára, kí ó jẹ́ pé ìrìn ojú ló ní wàhálà. Lẹ́tà ara ògiri tí wọ́n ní kí ẹ kà dúró sójú kan. Ìwé kíkà kò rí bẹ́ẹ̀: ojú ní láti máa fò láti ọ̀rọ̀ kan sí èkejì, kí ó sì fò padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà tó tẹ̀ lé e. Nínú àrùn Parkinson, fífò yìí kì í dé ibi tó yẹ. Ojú á balẹ̀ sí àárín ọ̀nà, á tún fò díẹ̀, á tún fò díẹ̀ sí i kí ó tó débẹ̀. Ìlà tí ẹ ń kà á bọ́ lọ́wọ́ yín, ẹ ó ka ìlà kan lẹ́ẹ̀mejì tàbí kí ẹ fo òmíràn.

Ẹ gba páálí dúdú, ẹ gé ojú fèrèsé kan sí àárín rẹ̀, kí ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 15, kí ó ga tó sẹ̀ǹtímítà kan àbọ̀, kí ó jẹ́ ìlà kan tàbí méjì péré ni yóò máa hàn níbẹ̀. Bí ẹ bá ti ń kà ni kí ẹ máa fà á wálẹ̀. Rúlà lásán náà ń ṣiṣẹ́, àmọ́ páálí sàn jù nítorí pé ó bo ìlà òkè àti ti ìsàlẹ̀ pọ̀. Ẹ jẹ́ kí iná máa tàn láti ẹ̀yìn èjìká wá, kì í ṣe láti iwájú. Bíbélì tàbí Kùránì onílẹ́tà ńlá ń ranni lọ́wọ́, kì í ṣe torí pé ojú kò rí kékeré, bí kò ṣe pé ìlà tó jìnnà síra kì í tètè dàrú mọ́ra.

Kí ẹ tó tún sanwó awò mìíràn, ẹ sọ fún oníwòsàn ojú náà pé ẹ ní àrùn Parkinson. Ọ̀pọ̀ kì í sọ ọ́ torí wọ́n rò pé kò kan ojú.

Bàbá wa máa ń wò ranran, bí ẹni tí inú ń bí. Kí ló dé?

Wọn kì í ṣẹ́jú tó. Ènìyàn tí ara rẹ̀ le máa ń ṣẹ́jú ní nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mẹẹ̀ẹ́dógún sí ogún láàárín ìṣẹ́jú kan. Nínú àrùn yìí, ó lè má tó mẹ́wàá, ó sì lè kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ. Iṣan ojú tó le mọ́ra ló mú kí ó dà bí ẹni tó bínú, inú wọn kò bí sí ẹnikẹ́ni. Ẹ bá wọn ka iye ìgbà tí wọ́n ṣẹ́jú láàárín ìṣẹ́jú kan nígbà tí wọ́n bá ń wo tẹlifíṣọ̀n, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀, torí ẹni tó bá mọ̀ pé wọ́n ń ka òun yóò máa ṣẹ́jú ju bó ṣe yẹ lọ.

Ìpéǹpéjú ló ń tan omi káàkiri ẹyinjú. Bí kò bá wálẹ̀ déédéé, ojú á gbẹ, á máa ta, á máa rí bí ẹni tí iyanrìn bọ́ sí lójú, ìran á sì ṣú, tó bá ṣẹ́jú tán á tún là. Ojú gbígbẹ tún lè máa da omi gan-an, èyí tó ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu: omi tó ń dà yẹn ni ara fi ń fèsì sí títa tó ń ta, kì í sì í pẹ́ lójú. Ọyẹ́ àti fáànù tó dojú kọ ènìyàn ń mú un burú sí i. Ẹ yí fáànù sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Irú oògùn ojú wo ni kí n rà ní kẹ́míìsì fún ojú gbígbẹ?

Ẹ bèèrè oògùn tó dípò omi ojú, tí wọ́n kọ hypromellose tàbí carboxymethylcellulose sí lára. Ẹ̀kán kan sí ojú kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́ ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá ní láti ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ, ẹ wá èyí tí kò ní oògùn amúpẹ́ (preservative) nínú, torí oògùn amúpẹ́ yẹn lè ha ojú tó ti gbẹ tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá ṣí ìgò ni kí ẹ fi báírò kọ déètì sí i lára. Lẹ́yìn ọjọ́ 28, ẹ jù ú nù, bí ó tilẹ̀ kù, àfi tí wọ́n bá kọ ohun mìíràn sí páálí rẹ̀.

Ẹ má gba oògùn ojú tó ní dexamethasone nínú lọ́wọ́ ẹni tó kàn wo ojú yín tó ní ó pọ́n. Ó máa ń tu ojú lára lọ́jọ́ mélòó kan, òun náà ló sì lè gbé ìfúnpá inú ojú sókè títí tí yóò fi ba ìríran jẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fura.

Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ náà ṣe pàtàkì. Ẹ ki aṣọ mímọ́ bọ omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ fún un, ẹ dán an wò ní ọrùn ọwọ́, kí ẹ fi lé ìpéǹpéjú tó wà ní pípadé fún ìṣẹ́jú 5 sí 10, láàárọ̀ àti lálẹ́. Ó ń yọ́ ọ̀rá tó dí ètè ìpéǹpéjú, ọ̀rá yẹn ni kì í jẹ́ kí omi ojú tètè gbẹ.

Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, oògùn ń dà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Báwo ni mo ṣe lè kán an?

Ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹ di ojú, kí ẹ kán ẹ̀kán kan sí kọ̀rọ̀ ojú lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú. Ẹ wá la ojú, yóò ṣàn wọlé fúnra rẹ̀. Ẹ tún pa ojú dé fún ìṣẹ́jú kan sí méjì. Bí oògùn ojú bá jẹ́ oríṣi méjì, ẹ fi ìṣẹ́jú márùn-ún sí àárín wọn, torí èkejì á ṣan àkọ́kọ́ dànù.

Ṣé a lè lo omi ọmú, ìtọ̀, tàbí omi ṣúgà?

Rárá o. Kòkòrò àìsàn ni wọ́n ń gbé sí ojú tí kò ní omi tó lè ṣàn án kúrò. Egbò lè ti ibẹ̀ wọ dúdú ojú, àpá rẹ̀ kì í sì í lọ mọ́.

Ohun kan ń di méjì lójú mi. Kí ló ń ṣe mí?

Ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ bo ojú kan. Bí méjì bá di ẹyọ kan, tó sì jẹ́ pé ojú yòówù tí ẹ bá bò, ẹyọ kan náà ló ń dà, a jẹ́ pé àwọn ojú méjèèjì kò dojú kọ ibì kan náà. Bí méjì bá ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú ojú kan ní bíbò, inú ojú yẹn gan-an ni ọ̀ràn wà: ojú gbígbẹ, kátárákì tó ń fi funfun bo ojú, tàbí awò tí kò bá ojú mu mọ́. Ìdánwò kékeré yìí lè dín ìrìn-àjò kù, ẹ ṣe é kí ẹ tó lọ, kí ẹ sì sọ èsì rẹ̀ fún dókítà.

Èyí tó wọ́pọ̀ nínú àrùn Parkinson ni pé ojú méjèèjì kì í lè wọlé sọ́dọ̀ imú dáadáa nígbà tí nǹkan bá sún mọ́. Ẹni bẹ́ẹ̀ á rí ọkọ̀ tó ń bọ̀ lókèèrè ní ẹyọ kan, àmọ́ ìwé, fóònù àti abẹ́rẹ́ ìránṣọ á di méjì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹ mú báírò síwájú imú, ní ìwọ̀n apá, kí ẹ máa fà á bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ojú tó le sábà máa ń mú un ní ẹyọ kan títí yóò fi kù bíi sẹ̀ǹtímítà 6 sí 10 sí imú. Bó bá ti di méjì ní sẹ̀ǹtímítà 20 tàbí 25, ẹ ti mọ ohun tó ń ṣe yín.

Ìgbà wo ni rírí méjì di ohun tí a gbọ́dọ̀ gbé lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an?

Bó bá bẹ̀rẹ̀ lójijì, pàápàá bí ìpéǹpéjú kan bá wálẹ̀, tí ọmọ ojú kan tóbi ju èkejì lọ, tí orí ń fọ́ gan-an, tí ẹnu wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ lẹ́nu tàbí tí apá kan rọ. Àrùn Parkinson kì í ṣe nǹkan lójijì. Ẹ má dúró de àárọ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé Parkinson náà ni.

Kí ni wọ́n lè ṣe sí rírí méjì tó wà nígbà ìwé kíkà?

Ohun àkọ́kọ́ ni kí wọ́n wo àkókò oògùn yín. Nínú àwọn kan, ojú máa ń wọlé dáadáa nígbà tí levodopa, oògùn Parkinson tí ọpọlọ ń sọ di dopamine, bá ń ṣiṣẹ́, á sì tún tú nígbà tí agbára rẹ̀ bá tán. Ẹ kọ wákàtí tí méjì ń wá sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ kọ wákàtí oògùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni prism, ìyẹn awò tó ń tẹ ìmọ́lẹ̀ kí àwòrán méjèèjì lè bá ara wọn. Ẹ sọ pé kí wọ́n kọ́kọ́ fi èyí tó jẹ́ ike tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ̀ mọ́ awò yín, kí ẹ lò ó fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí ẹ tó sanwó èyí tí wọ́n gé mọ́ awò. Ara awò ìwé kíkà nìkan ló yẹ kí prism wà, torí pé ọ̀nà jíjìn kò ní wàhálà. Ẹni tó bá fi rìn lè rí ilẹ̀ níbi tí ilẹ̀ kò sí.

Eré ìdárayá náà wà: ẹ mú báírò tí lẹ́tà wà lára rẹ̀, ẹ fà á bọ̀ láti ìwọ̀n apá, bó bá di méjì ẹ dúró, ẹ gbìyànjú kí ó padà di ẹyọ kan, ẹ dì í mú fún ìṣẹ́jú-àáyá 3 sí 5. Ẹ ṣe é bí ìgbà mẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, ní wákàtí tí oògùn ń ṣiṣẹ́. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ń ràn lọ́wọ́, bó bá sì ń fa orí fífọ́ ẹ fi sílẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá kọ̀, ẹ lẹ sẹ́lótéèpù tí kò hàn gaara mọ́ ojú kan nínú awò ìwé kíkà. Kò wuyì lójú, owó rẹ̀ kéré, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ìjókòó nìkan ni kí ẹ ti lò ó, torí ojú kan ṣoṣo kì í mọ ìjìnnà àtẹ̀gùn.

Ṣé awò alápá méjì, tí òkè jẹ́ ti ọ̀nà jíjìn tí ìsàlẹ̀ jẹ́ ti ìwé, dára?

Àwa kì í gbà á nímọ̀ràn fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń wọ́ nílẹ̀. Nígbà tó bá ń sọ̀ kalẹ̀, apá ìwé kíkà ló ń gbà wo ẹsẹ̀ rẹ̀, àtẹ̀gùn á sì ṣú. Abẹ́òkúta sì nìyí, ìlú olókè àti àpáta, níbi tí àtẹ̀gùn ilé kì í ga bákan náà. Awò méjì ló sàn: ọ̀kan fún ìrìn, ọ̀kan fún ìwé, kí okùn wọn yàtọ̀ ní àwọ̀.

Nínú ilé, ẹ fi téèpù funfun tàbí ọ̀dà lélẹ̀ sí etí àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan, ní fífẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 5. Ẹ sì má bu láfún sínú abọ́ funfun. Abọ́ aláwọ̀ búlúù tàbí èyí tó dúdú ni yóò jẹ́ kí wọ́n rí ibi tí oúnjẹ parí sí.

Ìpéǹpéjú mi ń ti ara rẹ̀ pa, mi ò sì lè là á. Ṣé oorun ni?

Oríṣi méjì ni. Ọ̀kan ni kí iṣan tó yí ojú ká máa fún ara rẹ̀ pọ̀, kí ẹ sì rí i tí ó ń ki mọ́lẹ̀. Èkejì ni kí ojú kàn kọ̀ láti là, láìsí fífún kankan, bí ilẹ̀kùn tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sọnù. Àwọn kan máa ń fi ìka kan ẹ̀gbẹ́ ojú tàbí iwájú orí, ojú á sì là. Ẹ dán an wò.

Fún oríṣi àkọ́kọ́, abẹ́rẹ́ botulinum toxin ló ń ṣiṣẹ́ jù. Ó máa ń tó ọjọ́ mélòó kan kí ó tó bẹ̀rẹ̀, agbára rẹ̀ sì ń lọ ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta, a ó tún gún un. Ẹni tó mọ ojú dáadáa ni kí ó gún un: ibi tí kò yẹ lè mú kí ìpéǹpéjú wálẹ̀ pátápátá fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ṣé oògùn ló ń ba ojú mi jẹ́?

Díẹ̀ nínú wọn lè ṣe é. Artane, oògùn Parkinson kan tí orúkọ rẹ̀ mìíràn ń jẹ́ trihexyphenidyl tàbí benzhexol, ń fẹ ọmọ ojú, ó ń jẹ́ kí ohun tó sún mọ́ ṣú, ó sì ń gbẹ ojú àti ẹnu. Bí igun inú ojú ẹnìkan bá há, ó lè ti ojú omi inú rẹ̀ pa, kí glaucoma òjijì (ìfúnpá inú ojú tó ga tó ń ba ìríran jẹ́) dé: ìrora, ojú pípọ́n, èébì, òbìrí aláràbarà yí iná ká. Ó dára kí wọ́n yẹ ojú wò kí wọ́n tó kọ ọ́ fún àgbàlagbà, ó sì tún ń mú kí iyè rú. Amantadine, oògùn Parkinson mìíràn, náà lè mú kí dúdú ojú wú ní ìgbà díẹ̀, ìran á sì dà bí ẹni tí kùrukùru bò.

Ọ̀rọ̀ kejì ni àwọn oògùn tó ń fa àmì Parkinson fúnra wọn. Cinnarizine, tí wọ́n ń rà fún òòyì láìsí ìwé dókítà, wà lára wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni metoclopramide tí wọ́n ń fún ẹni tó ń bì. Ẹ kó gbogbo oògùn ilé sínú àpò, kí ẹ gbé e lọ síwájú dókítà. Ẹ má fúnra yín dá levodopa dúró lójijì. Ara lè gan bí igi, ibà líle sì lè tẹ̀ lé e.

Mò ń lo levodopa, ó ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan, kò ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Kí ló fà á?

Ẹ wo oúnjẹ. Ẹran, ẹja, ẹyin, ẹ̀wà àti mọ́ínmọ́ín ń bá a du ọ̀nà àtiwọ inú ẹ̀jẹ̀. Ẹ lò ó ní ìṣẹ́jú 30 ṣáájú oúnjẹ, tàbí wákàtí kan lẹ́yìn rẹ̀. Èso wèrèpè ní levodopa nínú lóòótọ́, àmọ́ ìwọ̀n rẹ̀ ń yàtọ̀ láti èso kan sí òmíràn. Ẹ má fi kún oògùn yín láìsọ fún dókítà.

Ìyá wa ń rí àwọn ọmọdé nínú yàrá, tí kò sí ẹnì kan níbẹ̀. Ṣé ayé ló ń bá wọn jà ni?

Àrùn náà tàbí oògùn rẹ̀ ló sábà ń fà á. Àwọn ọmọdé, ẹranko kékeré, tàbí ẹnìkan tó dúró lẹ́yìn ni wọ́n sábà ń rí, ó sì ń pọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ àti nínú iná tí kò mọ́lẹ̀ dáadáa. Ojú tí kò ríran dáadáa ń dá kún un. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ lójijì, kí wọ́n yẹ ìtọ̀, ibà àti ọ̀rọ̀ omi ara wò kíákíá, torí àìsàn kékeré tó wà nínú ìtọ̀ lè mú un wá. Artane ni oògùn tí a kọ́kọ́ ń fura sí.

Ẹ má bá wọn jiyàn, ẹ má sì fọwọ́ sí i pé ẹ rí àwọn ọmọ náà. Ẹ tan iná, ẹ bá wọn jókòó. Bí wọ́n bá fẹ́ fún wọn ní oògùn, ẹ sọ ọ́ sókè pé àrùn Parkinson ló ń ṣe wọ́n, torí haloperidol àti chlorpromazine, oògùn tí wọ́n sábà ń fún ẹni tó ń rí ohun tí kò sí, lè mú kí wọ́n má lè gbéra mọ́. Quetiapine tàbí clozapine ni àwọn dókítà sábà ń yàn dípò rẹ̀. Clozapine ń béèrè àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ léraléra. Bí wọ́n bá darí yín sí Aro, ẹ lọ. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ni, lílọ síbẹ̀ kò sì sọ ìyá yín di wèrè.

Ta ni kí a lọ rí ní Abẹ́òkúta?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní Federal Medical Centre, Ìdí-Àbà, ní ẹ̀ka ojú. Ẹ béèrè fún dókítà ojú, kì í ṣe ẹni tó ń wọn awò nìkan, kí ẹ sì gba kí wọ́n wọn ìfúnpá inú ojú, torí glaucoma wọ́pọ̀ láàárín wa. Fún ọpọlọ àti iṣan ara, bí wọ́n bá ní kí ẹ lọ sí UCH ní Ìbàdàn, ẹ gbé ìwé àyẹ̀wò ojú lọ́wọ́. Ẹ mú wákàtí tí oògùn ń ṣiṣẹ́ fún àyẹ̀wò awò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ nọ́ńbà tí wọ́n máa gbà lè yàtọ̀.

Ṣé ó ṣì lè máa wa ọkọ̀?

Ìbéèrè yìí ń dá ìjà sílẹ̀ nínú ẹbí. Wíwa ọkọ̀ gba kí ojú fò kánkán láti jígí sí ojú títì, sí ọ̀kadà tó yọ lójijì ní Pánṣẹ́kẹ́. Bí ó bá ti ń fi ara họ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, tó ń ṣìnà lójú ọ̀nà tó mọ̀, tàbí tó ń rí méjì lókèèrè, ó ti tó kí ó gbé kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Alẹ́ ni kí ó kọ́kọ́ fi sílẹ̀. Ti ọ̀kadà, kí ó má gun ún rárá.

Dókítà ní ó lè má jẹ́ Parkinson gan-an. Kí ni ojú fi hàn wọ́n?

Àìsàn kan wà tí wọ́n ń pè ní PSP, tí àwọn dókítà Steele, Richardson àti Olszewski ṣàlàyé lọ́dún 1964. Ó jọ Parkinson, àmọ́ ojú kì í tètè lọ sókè sísàlẹ̀, lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ kò ní lè wo ìsàlẹ̀ mọ́. Ẹni bẹ́ẹ̀ ń ṣubú sẹ́yìn láti ìbẹ̀rẹ̀ àìsàn, ọrùn rẹ̀ á le, levodopa kò sì ṣe é ní ohun púpọ̀. Kí ojú má lè wo òkè nìkan kò tó láti fi pè é bẹ́ẹ̀, torí ó ń ṣe àgbàlagbà tó le pẹ̀lú.

Nílé, ẹ wo aṣọ rẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ. Ẹni tí kò lè wo abọ́ á máa da ọbẹ̀ sí àyà, kì í ṣe pé ó di ọ̀bùn. Ẹ fi àpótí kékeré gbé abọ́ sókè tó sẹ̀ǹtímítà 15, kí ẹ sì mú ẹnìkan dúró ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, níwájú, nígbà tó bá ń sọ àtẹ̀gùn.

Wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ kátárákì fún ẹni tó ní Parkinson. Ṣé ó léwu?

Ó ṣeé ṣe, ó sì lè ran ìrìn lọ́wọ́, kí ó sì dín rírí ohun tí kò sí kù, torí ìran tó mọ́ ń dín ìṣìnà ojú kù. Kí wọ́n má fo levodopa òwúrọ̀ ọjọ́ náà àfi tí dókítà bá sọ bẹ́ẹ̀. Kí ẹ sọ tẹ́lẹ̀ bóyá ó lè fẹ̀yìn lélẹ̀ láìgbé orí sókè fún ìṣẹ́jú 30, àti bí orí rẹ̀ ṣe ń gbọ̀n tó. Bí ọkùnrin náà bá ń lo tamsulosin fún ìtọ̀, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti dá a dúró, torí ó ń mú kí awọ inú ojú rọ̀ lábẹ́ ọ̀bẹ.

Àwọn tó ń lọ láti ilé dé ilé, tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ ti funfun ojú wọlé, ẹ lé wọn. Aláìsàn lè rí ìmọ́lẹ̀ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ohun tó máa ń tẹ̀ lé e ni kòkòrò inú ojú, glaucoma, àti ìfọ́jú pátápátá.